Ọkọ Lọ, Ọkọ̀ Kò Lọ

Oṣù kejì ọdún ní erékùṣù Hiiumaa.
Òkun ti dì gbagidi wọ ìdí èbúté,
ẹ̀fúùfù ń gbé iyọ̀ kiri, ó ń kì í bọ ihò kọ́kọ́rọ́.
Leida wọ inú Mọsikófíìṣì aláwọ̀ ewé,
ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ki ọkọ̀ sí jíà,
ó tẹ bọ́tìnnì orí bíréèkì ọwọ́, ó rọra dá a sílẹ̀.
Ó wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn.
Ẹ́ńjìnnì ké. Ọkọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́yìn,
ó gbémú sókè bí àgùntàn tí wọ́n ń fà wọ ọkọ̀ ojú omi,
ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Endel ló fà á kẹ́yìn, nínú oṣù kẹwàá,
lọ́jọ́ tí àyà ń dùn ún, tó ní kò tó nǹkan,
tó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ bọ̀ láti ibi tó ti lọ la igi.
Ó fà á dé eyín karùn-ún bí ìṣe rẹ̀:
ka, ka, ka, ka, ka.
Ọkọ̀ ojú omi alẹ́ ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn òdìkejì omi.
Kò bá a bọ̀.

Ọkọ lọ, ọkọ̀ kò lọ.

Ogójì ọdún la fi bá a sọ ọ́, kò gbọ́.
A ní: Endel, ilẹ̀ tiwa tẹ́ bí àwo ẹja,
kò síbi tí ọkọ̀ fẹ́ yí lọ.
Fi sí jíà, fi òkúta há táyà, lọ sùn;
bíréèkì ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fà nígbà òtútù.
Ṣùgbọ́n ọmọ Otepää ni, ọmọ orí òkè;
níbẹ̀, ọkọ̀ tí a kò bá dè, inú adágún la ti ń lọ wá a.

Aimar ní ká da omi gbígbóná sí i.
Vaike bi í: omi tí yóò di yìnyín
kí o tó gbé kẹ́tù padà sórí ààrò?
Èmi ní ká bú u. A bú u ní èdè méjì,
ọ̀kan nínú wọn èdè Rọ́ṣíà, tó mọ èébú dunjú.
Ó tẹ́tí sí wa. Kò mira.

A fi jáàkì gbé e, a tú táyà ẹ̀yìn.
Dúrọ́ọ̀mù pọ́n bí èèpo búrẹ́dì tó jóná.
Mo fọwọ́ kan wáyà: ó ti dẹ̀.
Wáyà kò jẹ̀bi. Ọwọ́ náà kò jẹ̀bi,
ó ti jù ú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní kó jù ú.
Bàtà bíréèkì ni kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ̀ǹda òun;
ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin
bí ètè ọmọdé tó fẹnu kan géètì nínú yìnyín.

"Etí ni kí o máa gbá," mo ní, "má gbá ojú."
Leida gba hámà lọ́wọ́ mi.
Ó gbá, ó yí i po, ó gbá.
Kò sunkún. Ó ń bá a sọ nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́
tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Ìkẹtàdínlógún ló dáhùn: pàá!
bí ìgbà tí yìnyín adágún bá là lóṣù kẹrin.
Ìyẹ̀fun pupa dà sórí yìnyín funfun,
dúrọ́ọ̀mù sì yí lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìka kan.

Ní Sátidé, ọmọkùnrin kan, Tanel, ti Haapsalu wá rà á.
Ó ka owó sórí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́,
ó ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì.
Leida ní: má fà á nígbà òtútù.
Ó ní: mo gbọ́, ìyá.
Ó wà á kọjá géètì, ó dúró, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sé e,
ka, ka, ka, ka, ka.

Mo wo Leida. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà.
Nígbà tó ṣe, ó ní:
"Èyí tilẹ̀ ń sé géètì.
Endel kì í sé e."